Sítóòfù onípọ́ǹpù àtijọ́: kí ni kí n fi fọ̀ ọ́, kí n sì máa dáná lé e?

Àdùkẹ́ Ìdáná
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Sítóòfù onípọ́ǹpù kan wà nílé wa, Primus onídẹ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta. Idẹ rẹ̀ ti dúdú, àwọ̀ ewé ti yọ sí etí ibi tí wọ́n ń rọ epo sí, ọwọ́ pọ́ǹpù rẹ̀ sì ń lọ ń bọ̀ fàlàlà láìfa atẹ́gùn kankan. N kò fẹ́ gbé e sí pálọ̀ fún wíwò. Mo fẹ́ máa dáná lé e lẹ́yìnkùlé. Kí ni kí n fi fọ̀ ọ́, kí ni kí n sì pààrọ̀? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tọ́ mi sọ́nà.

Baba Onídẹ
Àdùkẹ́ ọmọ mi, má tíì dán ohunkóhun o. Ọ̀pọ̀ èèyàn á dán idẹ títí á fi máa kọ mọ̀nà, ìgbà tí wọ́n bá rọ epo sí i tán ni wọ́n á tó mọ̀ pé táǹkì ń jò. Yẹ inú wò kí o tó wẹ ẹ̀yìn.

Tú orí rẹ̀ kúrò, ìyẹn ibi tí iná ti ń jó. Wọ́ṣà òjé ló wà lábẹ́ rẹ̀. Bí ó bá le, da epo díẹ̀ sí ìdí rẹ̀, fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, kí o wá fi sípánà kan di ọ̀pá ìsàlẹ̀ mú ṣinṣin, kí o fi èkejì tú orí. Bí o bá fi sípánà kan ṣoṣo fà á, ọ̀pá yẹn á lọ́, tàbí kí ó ya kúrò lára táǹkì. Da epo àtijọ́ tó wà nínú rẹ̀ nù. Rọ kẹrosíìnì tuntun bí ife kan sí i, mì ín dáadáa, kí o dà á jáde gba orí aṣọ funfun. Bí pàǹtí dúdú bá ṣì ń bá a jáde, tún un ṣe títí tí aṣọ á fi mọ́.

Tí pọ́ǹpù bá ti ń ṣiṣẹ́, fi kọ́ọ̀kì ìgò dí ojú ibi tí o ti tú orí, ti táǹkì bọ inú bàsíà omi, kí o fa pọ́ǹpù díẹ̀díẹ̀. Ibi tí omi bá ti ń hó ni ihò wà. Ẹni tó bá fẹ́ fi iná jó ihò náà dí gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi omi kún inú táǹkì. Oòru kẹrosíìnì tó kù sínú táǹkì òfìfo lè bú gbàmù.

Fìtílà Gáàsì
Ẹ kú ọ̀rọ̀, Baba. Pọ́ǹpù tó ń lọ fàlàlà, awọ rẹ̀ ló gbẹ. Tú ìdérí pọ́ǹpù, fa ọ̀pá jáde, wàá rí awọ kan nídìí rẹ̀ tó rí bí ife kékeré, ẹnu rẹ̀ kọjú sí ìsàlẹ̀. Bí kò bá tíì ya, rẹ ẹ́ sínú epo ẹ́ńjìnnì di ọjọ́ kejì, kí o fi ọwọ́ na etí rẹ̀ síta kí ó lè máa ha ara ihò. Má lo òróró ẹ̀pà tàbí epo pupa, bí wọ́n bá gbẹ, ńṣe ni wọ́n á lẹ̀ mọ́ ibẹ̀.

Bí ó bá ti ya, aránbàtà lè gé òmíràn fún ẹ. Awọ màlúù tó nípọn tó mílímítà 2 ni kó lò, kó gé e róbótó, kó fi bíi mílímítà 10 fẹ̀ ju ihò pọ́ǹpù lọ, kó lu ojú sí àárín rẹ̀. Rẹ ẹ́ sínú omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, dè é mọ́ ọ̀pá, tì í wọ inú ihò, kí ó gbẹ síbẹ̀ kí ó lè gba ìrísí ife. Ẹ̀yìn ìyẹn ni kí o tó fi epo rẹ ẹ́. Àwọn tó ń tún àtùpà onígáàsì ṣe náà ní irú awọ yìí.

Ohun kan tún wà tó le ju awọ lọ. Tí o bá fa pọ́ǹpù tán tí ọwọ́ rẹ̀ wá ń ti ara rẹ̀ padà sókè, fáàfù tó wà nísàlẹ̀ pátápátá nínú ihò pọ́ǹpù ló ti bàjẹ́. Rọ́bà tàbí kọ́ọ̀kì kékeré inú rẹ̀ ti le, kò lè dí ojú mọ́. Má tan iná sí sítóòfù bẹ́ẹ̀ rárá. Epo á gba inú pọ́ǹpù tú jáde, á sì tú sẹ́gbẹ̀ẹ́ iná. Sípánà gígùn kan wà tí wọ́n dìídì ṣe fún fáàfù yìí. Sikirudiráfà á kàn jẹ orí rẹ̀ ni. Rọ́bà nitrile, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe síìlì ọkọ̀, ni kí o fi rọ́pò. Rọ́bà inú táyà kẹ̀kẹ́ á wú nínú kẹrosíìnì.

Àdùkẹ́ Ìdáná
Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀gbọ́n. Ọwọ́ rẹ̀ kì í ti ara rẹ̀ padà, àmọ́ n ó tún yẹ̀ ẹ́ wò tí awọ bá ti rọ̀. Fífọ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ ńkọ́? Ẹnì kan ní kí n rẹ ẹ́ sínú omi ọsàn wẹ́wẹ́ mọ́jú.

Ìyá Alákàrà
Ọsàn wẹ́wẹ́ dára, Àdùkẹ́, mọ́jú ni kò dára. Ọ̀rá ni kí o kọ́kọ́ bọ́ kúrò, nítorí ọsàn kì í mú ohun tí ọ̀rá bá bò. Fi omi gbígbóná àti ọṣẹ abọ́ fọ̀ ọ́ pẹ̀lú kànrìnkàn ìbílẹ̀. Ibi tí epo ti jóná mọ́, po sódà ìyan-búrẹ́dì mọ́ omi díẹ̀ kí ó ki, fi kùn ún, kí o fi í sílẹ̀ bí ìdajì wákàtí. Lẹ́yìn náà, la ọsàn wẹ́wẹ́ sí méjì, fi ojú rẹ̀ tọ iyọ̀, kí o máa fi í ra idẹ náà ní apá kan lẹ́ẹ̀kan. Bí àwọ̀ idẹ bá ti yọ, ṣan án lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kí o sì nù ún gbẹ. Eérú tí o fi aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ jọ̀ kúnná ni kí o fi parí rẹ̀.

Má jẹ́ kí omi ọsàn wọ inú pọ́ǹpù tàbí ojú orí iná o.

Baba Onídẹ
Ìyá Alákàrà ti sọ ọ́. Bàbà àti síńkì ni wọ́n pò pọ̀ di idẹ. Bí ohun kíkan bá pẹ́ lára rẹ̀, síńkì ló máa ń jẹ kúrò, bàbà á wá ṣẹ́ kù, ìyẹn ló ń mú kí idẹ pọ́n bí ẹni fi osùn kùn ún. Bí ó bá jẹ́ ojú rẹ̀ nìkan ló pọ́n, Brasso, ìyẹn oògùn tí wọ́n fi ń dán idẹ, á ra á kúrò.

Omi hípò, rárá. Ohunkóhun tó bá ní amóníà náà, má rẹ ẹ́ sínú rẹ̀, nítorí idẹ tí wọ́n tẹ̀ tí wọ́n sì lù bíi ti táǹkì yìí lè sán lọ́wọ́ amóníà. Brasso pàápàá, fi nù ún, kí o fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ kúrò, má jẹ́ kí ó gbẹ sínú kọ̀rọ̀. Sáńpépà àti kànrìnkàn onírin náà kò yẹ ẹ́, wọ́n á pa orúkọ tó wà lára rẹ̀ rẹ́. Yí ìdí táǹkì sókè kí o wo lẹ́tà tí wọ́n tẹ̀ síbẹ̀. Láti 1911 ni ilé-iṣẹ́ Primus ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi lẹ́tà sàmì ọdún. A ni 1911, B ni 1912, bẹ́ẹ̀ ló ń lọ. Ta ni kò ní fẹ́ mọ ọjọ́ orí sítóòfù rẹ̀?

Kúnlé Lọ́ńdọ̀nù
Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti orí iná. Ihò tíntín tó wà láàárín rẹ̀, tí epo ń gbà fẹ́ jáde, òun ni nípù. Ti Primus No. 1, tí táǹkì rẹ̀ ń gba lítà kan, mílímítà 0.32 ni, ti 210 tó kéré jù ú lọ, 0.28 ni. Nítorí náà, abẹ́rẹ́ ìránṣọ kò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀, á fẹ̀ ẹ́. Abẹ́rẹ́ sítóòfù wà lọ́tọ̀, wáyà rẹ̀ tín-ínrín gan-an. Tì í wọlé tààrà, fà á jáde tààrà, má ṣe yí i. Bí wáyà bá kán sínú nípù, wàá ra òmíràn ni. Àwọn tó ń ta nípù, awọ àti wọ́ṣà òjé lórí íntánẹ́ẹ̀tì ṣì wà níbí ní Gẹ̀ẹ́sì, Íńdíà náà ṣì ń ṣe orí tuntun.

Bí èédú bá dí ihò inú orí, ohun kíkan kankan kò lè yọ ọ́. Iná ló ń yọ ọ́. Ní ṣọ́ọ̀bù wẹ́dà, nígbà tí orí ti kúrò lára táǹkì, kí wọ́n yọ nípù rẹ̀, kí wọ́n fi iná ra á títí á fi pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́, kí wọ́n jù ú sínú omi, kí wọ́n wá fi atẹ́gùn fẹ́ èédú náà jáde. Bí wọ́n bá jẹ́ kí ó pọ́n jù, ojú ibi tí wọ́n jó pọ̀ á yọ́.

Àdùkẹ́ Ìdáná
Ó ti yé mi. Ó wá ku bí mo ṣe máa tàn án tí kò ní máa ru èéfín.

Ìyá Alákàrà
Èéfín kì í jáde bí orí bá gbóná tó. Kẹrosíìnì gbọ́dọ̀ di oòru kí ó tó dé nípù, torí ẹ̀ ni sípíríìtì tí a fi ń kọ́kọ́ mú orí gbóná fi ṣe pàtàkì.

Rọ epo sí i, kó má ju ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin táǹkì lọ. Kí síkírúù atẹ́gùn, èyí tó ń tú atẹ́gùn táǹkì jáde, wà ní ṣíṣí. Rọ sípíríìtì kún àwo kékeré abẹ́ orí, ṣáná sí i. Aṣọ tí wọ́n rẹ sínú kẹrosíìnì kò dára fún iṣẹ́ yìí, òun ló ń kó èédú sínú orí. Bí sípíríìtì bá kù díẹ̀ kó tán, dé síkírúù, fa pọ́ǹpù ní ìgbà mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Iná búlúù á gbé e, á sì máa hó ṣùùù. Jẹ́ kó gbóná dáadáa kí o tó fà á sí i níwọ̀n mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Bí ó bá jẹ́ iná pupa gíga ló yọ, tàbí epo ló ń ta jáde, ṣí síkírúù kíákíá, jẹ́ kí ó kú, jẹ́ kí ó tutù, kí o tún un bẹ̀rẹ̀.

Iná yìí ló yẹ àkàrà àti dùndún, torí epo kì í tutù bí o bá da ẹ̀wà lílọ̀ sí i. Omi àmàlà náà, ká má tíì sọ ọ́. Tí o bá fẹ́ kí iná rẹlẹ̀, tú atẹ́gùn díẹ̀, àmọ́ irú orí iná tó ń hó yẹn kì í fẹ́ràn iná kékeré. Ẹ̀wà tàbí gbẹ̀gìrì, fi irin pẹlẹbẹ sábẹ́ ìkòkò. Má gbé agbada ńlá lé e. Ooru abẹ́ rẹ̀ á darí sí táǹkì. Bí táǹkì bá gbóná débi pé ọwọ́ ò lè gbà á, paná.

Fìtílà Gáàsì
Bí iná bá ṣì pọ́n lẹ́yìn tí orí ti gbóná, wò bóyá nípù ti fẹ̀, tàbí kò fún dáadáa, tàbí àwo kékeré tó ń tan iná káàkiri kò jókòó síbi tó yẹ.

Ọ̀rọ̀ epo ńkọ́? Ilé epo tí o mọ̀ ni kí o ti rà á. Epo mọ́tò tí wọ́n dà mọ́ kẹrosíìnì ló ń ba ilé jẹ́. Kẹrosíìnì tó dára, oòru rẹ̀ kì í gbiná àfi tí ó bá gbóná tó nǹkan bí 38°C, bẹ́ẹ̀ epo mọ́tò ń gbiná kódà nínú òtútù yìnyín. Má rọ epo sí i tí ó bá ṣì gbóná, má sì tàn án nínú yàrá tí fèrèsé rẹ̀ wà ní títì. Iyanrìn ni kí o fi tẹ́ abẹ́ rẹ̀, kí garawa iyanrìn kan sì wà nítòsí. Omi kì í pa iná epo.

Àdùkẹ́ Ìdáná
Ẹ ṣeun gan-an ni. Bí mi ò bá lò ó fún oṣù bíi mélòó kan ńkọ́?

Baba Onídẹ
Da epo inú rẹ̀ nù, má jẹ́ kí ó dì síbẹ̀. Ṣí síkírúù atẹ́gùn sílẹ̀, kán epo ẹ́ńjìnnì bíi méjì sára awọ pọ́ǹpù, kí o sì fi aṣọ gbígbẹ bò ó. Má fi fáńíìṣì kun idẹ náà o, ìgbà àkọ́kọ́ tí o bá tún tan iná ló máa di ràkọ̀ràkọ̀.