Tírélà ń já sọ́wọ́ ẹlòmíràn ní kọ́nà, ọ̀nà Kàbà sí Lọ́kọ́jà

Ọmọ Owé: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn wa. Mo fẹ́ máa wa ọkọ̀ kékeré láti Kàbà lọ sí Lọ́kọ́jà, ọ̀nà Ọbájànà. Tírélà sìmẹ́ńtì pọ̀ lọ́nà yẹn. Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé àyè wà láti kọjá èyí tó wà níwájú mi? Bí òmíràn bá sì já sọ́wọ́ mi lójijì ńkọ́?

Awakọ̀ Àgbà: Ẹ jẹ́ ká ṣírò ti àkọ́kọ́. Ká ní tírélà ń sá 60 kílómítà ní wákàtí, tí ẹ̀yin ń sá 80. Ìyàtọ̀ yẹn kò ju mítà 5 àti ààbọ̀ lọ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Tírélà gùn tó mítà 18; ẹ fi àlàfo 25 kún un lẹ́yìn, 25 níwájú, àti gígùn ọkọ̀ tiyín, ó ti di nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá 13. Ẹ ti rin 290 mítà nìyẹn, ẹni tó ń bọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán náà ti rin tirẹ̀. Bí ẹ kò bá rí títì gbangba tó 600 mítà, ẹ dúró sẹ́yìn. Awakọ̀ tírélà lè ṣẹ́ iná sí yín pé kí ẹ máa bọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbára lé e, ó lè jẹ́ pé ó fẹ́ yà ni.

Ẹ má lẹ̀ mọ́ ìdí rẹ̀ o! Bí ẹ kò bá rí dígí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kò rí yín. Bí ìdí rẹ̀ bá ti kọjá òpó kan, ẹ rọra ka ení, èjì, ẹ̀ta. Bí ẹ bá débẹ̀ kí ẹ tó kà á tán, ẹ ti sún mọ́ ọn jù. Bí òjò bá ń rọ̀, ẹ kà á dé ẹ̀fà.

Ará Ìyàgbà: Ní ti èyí tó já sọ́wọ́ yín, ẹ tẹ bíréèkì, ẹ ṣẹ́ iná, ẹ máa sún sí ọ̀tún. Ẹ má yà sí òsì láé: ọwọ́ tirẹ̀ nìyẹn, ibẹ̀ ló máa sá padà sí bó bá ta jí.

Etí ọ̀dà ló wá kù. Níbi tí àgbàrá ti wọ́ iyẹ̀pẹ̀ lọ, ọ̀dà ga ju ilẹ̀ lọ. Bí táyà ọ̀tún bá bọ́ sílẹ̀, ẹ má já sítíárìn wọlé. Táyà á máa ha etí ọ̀dà. Lọ́jọ́ tó bá gùn ún lójijì, ọkọ̀ á ta sọdá síwájú ẹni tó ń bọ̀, tàbí kó dojú dé. Ẹ di sítíárìn mú gírígírí, kí eré wálẹ̀ dé bí 30, kí ẹ tó rọra gùn ún padà.

Ọmọ Owé: Ẹ ṣeun púpọ̀. Ibi òkè ńkọ́?

Ará Ìyàgbà: Ẹ jìnnà sí èyí tó ń gun òkè, ó lè yí padà sẹ́yìn. Bí ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀, tí òmíràn ń lé yín bọ̀, ẹ yà fún un níbi tó tẹ́jú. Bíréèkì tí wọ́n tẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀ máa ń gbóná títí kò fi ní mú mọ́, ẹ ó gbọ́ òórùn rẹ̀.

Awakọ̀ Àgbà: Ewé tútù lójú títì, ọkọ̀ tó bàjẹ́ wà níwájú nìyẹn. Bó bá jẹ́ tiyín ló bàjẹ́ lẹ́yìn kọ́nà, ẹ gbé àmì pupa onígun mẹ́ta yẹn síwájú kọ́nà, kì í ṣe ẹ̀yìn rẹ̀, kí gbogbo èrò sì kúrò lórí títì. Nọ́ńbà Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó ni 122, ọ̀fẹ́ ni.