Ẹ gbà mí o: ṣé dandan ni káàdì NIN (nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọmọ Nàìjíríà) kí báǹkì tó sanwó fún ìyá arúgbó?

Ìyá Fẹyì:
Ẹ kú ìkàlẹ̀ ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ mi á gùn díẹ̀, ẹ má bínú, inú ló ń bí mi. Lánàá ni mo gbé màmá mi láti Ìdí-Òrò ní Mushin lọ sí báǹkì kan ní Broad Street. Ẹni tó bá mọ bí orúnkún màmá mi ṣe rí á mọ̀ pé ìyẹn kì í ṣe eré. Ilẹ̀ ò tíì mọ́ dáadáa tá a ti kúrò nílé, síbẹ̀ súnkẹrẹ-fàkẹrẹ mú wa láti Ìjọra títí dé orí Eko Bridge, oòrùn ti wọra ká tó débẹ̀. Kọ̀ńdọ́ tún já wa sílẹ̀ ní CMS, ó ní mọ́tò òun ò dé iwájú mọ́, bẹ́ẹ̀ ó ti gba owó tán. Mo wá ń fa màmá bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìrìn.

Síkiọ́ríìtì ẹnu ọ̀nà, ọmọ tí mo lè bí, kò kí wọn, "Màmá, ID yín dà?" ló kọ́kọ́ jáde lẹ́nu ẹ̀. A wọlé, a jókòó nínú èésì títí ọwọ́ màmá fi ń gbọ̀n. Ìgbà tó kàn wá, ọmọbìnrin tó wà nídìí kọ̀ǹpútà ní àfi NIN. Mo yọ sílíìpù NIN màmá fún un, èyí tá a ti lámínéètì, tó mọ́ tónítóní. Ó wò ó, ó wo kọ̀ǹpútà, ó ní kì í ṣe èyí. Ẹ gbọ́ mi o, NIN mélòó lèèyàn kan ń ní láyé yìí? Mo sọ̀rọ̀ sí i, mo ní kó pe mánéjà. Mánéjà ò yọjú. Bá a ṣe lọ la ṣe bọ̀.

Ìbéèrè mi ni pé, ìgbà wo gan-an ni wọ́n ní ká máa fi NIN hàn? Ó ti di gbogbo ibi báyìí. Iléèwé ọmọ mi béèrè ẹ̀, ẹni tó ń ta SIM béèrè ẹ̀, ejẹ́ńtì tó fẹ́ gba yàrá fún àbúrò mi ní Ṣómólú náà béèrè ẹ̀. Ṣé káàdì líle ni wọ́n fẹ́ ni? Torí bébà ni tiwa. Owó tá a fẹ́ fi tọ́jú orúnkún yìí náà la fẹ́ gbà, kì í ṣe owó aṣọ ẹbí.

Súlè POS:
Ẹ kú sùúrù mà. Wọn kì í béèrè káàdì, nọ́ńbà ni òfin ń béèrè, nọ́ńbà 11 yẹn. Sílíìpù ti tó. Tí nọ́ńbà bá ti sọnù, ẹ tẹ *346# lórí SIM tí ẹ fi forúkọ sílẹ̀, wọ́n á yọ owó díẹ̀.

Àǹtí Bísí Sùúrùlérè:
Mi ò ní tàn yín. Oṣù Kejìlá ọdún 2020 ni ìjọba ti ní kí oníkálukú so SIM mọ́ NIN. CBN, báǹkì àpapọ̀, tún sọ fún gbogbo ayé pé láti ọjọ́ 1 oṣù Kẹta ọdún 2024, àkáǹtì tí kò bá ní BVN (nọ́ńbà ìdánimọ̀ ti báǹkì) tàbí NIN, owó ò ní jáde níbẹ̀. Kí lẹ ń ṣe láti ìgbà yẹn? Àwa Yorùbá, ọjọ́ tí omi bá dé ọrùn la máa ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń lúwẹ̀ẹ́.

Ìyá Fẹyì:
Àǹtí Bísí, màmá ní NIN. Mo ti kọ ọ́ sókè níbẹ̀. Ẹ máa ka ọ̀rọ̀ tán kí ẹ tó báni wí.

Bàbá Ìbejì:
Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Èmi rò pé ọmọdé ò nílò NIN. Irọ́ ni o. A fẹ́ gba ìwé ìrìnnà fún àwọn ìbejì, wọ́n ní NIN wọn dà, bẹ́ẹ̀ wọn ò tíì lè dá jẹun. A kó wọn lọ, NIN ìyá wọn ni wọ́n so tiwọn mọ́. Nígbà tó kan Kẹ́hìndé láti ya fọ́tò, ó ti sùn fọnfọn. Ìyá ẹ̀ ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ jí i, torí ó lè ké di alẹ́. Ẹni tó ń ya fọ́tò ní òun ò lè ya ẹni tó dijú. Gbogbo èrò ló bá wa dúró.

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó:
Bàbá Ìbejì, ta ló bi yín léèrè ìbejì? 😂 Ẹ jẹ́ ká dá obìnrin yìí lóhùn.

Òfin NIMC (àjọ tó ń fúnni ní NIN) ti ọdún 2007 ka àwọn ibi tó pọn dandan ní abala 27: ìwé ìrìnnà, ṣíṣí àkáǹtì ní báǹkì, rírà àti títa ilẹ̀, inṣọ́ránsì, owó orí, owó ìfẹ̀yìntì, ètò ìlera ìjọba. Mi ò rí ejẹ́ńtì tó ń fi yàrá kan háyà níbẹ̀. Mi ò sì rí síkiọ́ríìtì ẹnu géètì ní Lekki, àwọn tó máa ń ní kó o fi sílíìpù sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn kó o tó wọlé lọ kí ẹ̀gbọ́n ẹ. Èmi ò fún wọn rí. Káàdì ibiṣẹ́ mi ni mo máa ń yọ. Tí ejẹ́ńtì bá sì fárígá pé dandan ni, vNIN, ìyẹn NIN onígbà díẹ̀, ni kẹ́ ẹ fún un. Nọ́ńbà àti lẹ́tà 16 ni, tó bá ti di wákàtí 72 kò wúlò mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ fi ṣe jìbìtì á jẹ́ pé ó yáa yára.

Dúpẹ́ Yábàá:
JAMB, àwọn onídánwò àtiwọ yunifásítì, náà o! Kò sí NIN, kò sí fọ́ọ̀mù. 55019 tàbí 66019 lẹ máa fi NIN ránṣẹ́ sí. Kí SIM yẹn jẹ́ tiyín o, torí nọ́ńbà fóònù yẹn ni wọ́n á so mọ́ ìdánwò yín.

Alhájà Òkè-Àrín:
Kì í ṣe gbogbo ibi náà ni. Èmi wọ bàálù lọ sí Àbújá síbi ìgbéyàwó ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, káàdì ìdìbò ni mo fi hàn, wọ́n ní kí n máa kọjá. Ìyá Fẹyì, ṣé màmá ní káàdì ìdìbò?

Súlè POS:
Òótọ́ ni Alhájà sọ. Ọjọ́ ìbò gan-an, NIN ò wúlò, káàdì ìdìbò (PVC) ni wọ́n máa fi BVAS, ẹ̀rọ tó ń dá olùdìbò mọ̀, yẹ̀ wò.

Àǹtí Bísí Sùúrùlérè:
Kí wọ́n kúkú jẹ́ ká máa fi NIN dìbò. Káàdì mélòó lèèyàn fẹ́ máa gbé kiri?

Súlè POS:
Kí ẹni tí ò lè rántí nọ́ńbà ẹ̀ má dìbò nìyẹn?

Tíṣà Ṣómólú:
Ẹ fi ọ̀rọ̀ ìbò sílẹ̀. Ìyá Fẹyì, àkáǹtì ta ni? Kí sì ni ọmọ báǹkì yẹn sọ gan-an, ọ̀rọ̀ dé ọ̀rọ̀?

Ìyá Fẹyì:
Alhájà, màmá ní káàdì ìdìbò. Mo fi hàn wọ́n, wọn ò gbà á. Ọmọ yẹn ní orúkọ ò bára mu. Bó ṣe ń sọ̀rọ̀ sí wa bí ẹni pé a wá jalè ló dùn mí jù.

Súlè POS:
Ẹ̀n-ẹ́n! Ibi tó ń dun yín gan-an nìyẹn. Orúkọ inú NIN àti ti báǹkì ni kò bára mu. Bóyá orúkọ ilé ọkọ ló wà níbì kan, ti ilé bàbá wọn sì wà níbì kejì. Àtúnṣe ni kẹ́ ẹ lọ ṣe. ₦2,000 ni ti orúkọ.

Bàbá Ìbejì:
Bẹ́ẹ̀ ni. Ìyàwó mi náà ṣe é nígbà tá a ṣègbéyàwó. Àfidéfíìtì (ìwé ìbúra) kóòtù, kẹ́ ẹ gbé e sínú ìwé ìròyìn, lẹ́yìn náà àtúnṣe.

Àǹtí Bísí Sùúrùlérè:
Tó bá jẹ́ ọjọ́ ìbí ńkọ́? ₦15,000 ni mo san.

Súlè POS:
Ẹ̀yin tètè ṣe tiyín ni. Láti ọdún 2025, ₦28,574 ni ti ọjọ́ ìbí. Ti àkọ́kọ́ tí ẹ forúkọ sílẹ̀ nìkan ni wọn ò gbowó lé.

Alhájà Òkè-Àrín:
Owó ọjọ́ ìbí! Màmá tèmi sọ fáwọn NIN pé ọdún òmìnira ni wọ́n bí àwọn, wọ́n ti sọ fún báǹkì pé 1954. Àwọn fúnra wọn ò mọ èyí tó jẹ́ òótọ́, ta ni ká bi? Gbogbo ẹni tó mọ̀ ló ti kú.

Tíṣà Ṣómólú:
Mo tún ń béèrè o. Orúkọ wo ló wà lórí àkáǹtì yẹn? Ẹ má tíì ná kọ́bọ̀ kan lórí àtúnṣe.

Ìyá Fẹyì:
Tíṣà, ẹ ń béèrè ọ̀rọ̀ bí ọlọ́pàá. Orúkọ bàbá wa ló wà lórí ẹ̀. Bàbá ti kú, ó ti ń lọ sí ọdún kẹta. ATM wọn wà lọ́wọ́ wa, ibẹ̀ la ti ń gba díẹ̀díẹ̀ fún oúnjẹ màmá, àfi bí káàdì ṣe ṣàdédé kọ̀. Màmá ni bàbá kọ sí next of kin nígbà tí wọ́n ṣí i, èmi fojú mi rí fọ́ọ̀mù yẹn. Ìyàwó wọn ni, ó lé ní ogójì ọdún tí wọ́n ti jọ wà. Kí ló kù tí wọ́n fẹ́? Ṣé kí n lọ jí bàbá ni, kí wọ́n wá tẹ *346#?

Bàbá Ìbejì:
Háà.

Àǹtí Bísí Sùúrùlérè:
Ẹ ò ṣe sọ ìyẹn látàárọ̀? A ti ń bá yín tún orúkọ màmá ṣe, orúkọ màmá ò ṣe nǹkan kan!

Lọ́yà Ìkẹjà:
Ìyá Fẹyì, ẹ pẹ̀lẹ́. Kí Ọlọ́run tẹ́ bàbá sí afẹ́fẹ́ rere.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í tún ṣe ọ̀rọ̀ NIN mọ́. Kò sí NIN tí màmá lè mú lọ tó máa ṣí àkáǹtì bàbá, ì báà jẹ́ wúrà ni wọ́n fi ṣe káàdì ẹ̀. Next of kin tí gbogbo wa ń kọ sínú fọ́ọ̀mù, ẹni tí báǹkì máa pè tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ ni, kò sọ ọ́ di ẹni tó máa gba owó. Tí bàbá ò bá kọ ìwé ìhágún sílẹ̀, Letter of Administration, ìwé àṣẹ láti bójú tó ogún, ni ẹ máa lọ gbà ní Probate Registry, ọ́fíìsì ọ̀rọ̀ ogún, ti High Court ìpínlẹ̀ Èkó. Ẹ ti máa gba ìwé ẹ̀rí ikú lọ́dọ̀ National Population Commission ṣáájú. Ìwé tí ilé ìwòsàn kọ fún yín kọ́ o, ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń mú ìyẹn lọ tí wọ́n ń dá wọn padà. Wọ́n á fún yín ní fọ́ọ̀mù, ọ̀kan nínú ẹ̀ ni báǹkì máa kọ iye owó tó wà nínú àkáǹtì sí. Ẹ máa wá onígbọ̀wọ́, ẹ máa kọ orúkọ gbogbo ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ sí ogún, wọ́n á sì gbé e jáde fáráyé rí. Owó ìjọba tí ẹ máa san, bí owó tí bàbá fi sílẹ̀ bá ṣe pọ̀ tó ni. Ibẹ̀ ni sílíìpù NIN màmá ti máa wúlò, tó bá jẹ́ pé àwọn ni wọ́n máa bójú tó ogún náà.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kó ATM yẹn pamọ́. Ọjọ́ tí bàbá ti kú ni ẹ̀tọ́ láti lò ó ti tán. Ẹlòmíì nínú ẹbí lè fi ìyẹn pè yín lẹ́jọ́.

Ìyá Fẹyì:
Oúnjẹ la fi rà. A ò fi kọ́lé.

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó:
Lọ́yà, ẹ tún ọ̀rọ̀ yín wò. Nílẹ̀ Yorùbá, ìyàwó kì í jogún ọkọ. Ọmọ ló ń jogún.

Alhájà Òkè-Àrín:
Ẹ gbé ẹnu yín sọ́hùn-ún! Ta ló ń fọ aṣọ bàbá nígbà tí wọ́n ń ṣàìsàn? Ọmọ ni àbí ìyàwó?

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó:
Alhájà, èmi kọ́ ni mo dá àṣà sílẹ̀.

Lọ́yà Ìkẹjà:
Ọwọ́ irú ìgbéyàwó tí wọ́n ṣe ló wà. Tó bá jẹ́ ti kóòtù tàbí ti ṣọ́ọ̀ṣì tó ní ìwé ìjọba, ìyàwó ní ìpín tirẹ̀ nínú òfin. Tó bá jẹ́ ti ìbílẹ̀ nìkan, àwọn ọmọ ló ni ín, ní ìdí-igi (iye ìyàwó tó bímọ ni wọ́n á fi pín in) tàbí orí-ò-jorí (iye ọmọ ni wọ́n á fi pín in). Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ béèrè: ìyàwó mélòó, ọmọ mélòó?

Ìyá Fẹyì:
Màmá nìkan ni wọ́n jọ ń gbé.

Tíṣà Ṣómólú:
Ìyẹn kọ́ ni Lọ́yà bi yín.

Ìyá Fẹyì:
Àwọn mẹ́ta kan wà ní Àgége, tí ìyá wọn ti kó jáde tipẹ́. Wọn ò wá síbi ìsìnkú, wọn ò dá kọ́bọ̀. Bàbá mi fi ẹ̀yìn ru ẹrù ní wọ́ọ̀fù Àpápá kí owó yẹn tó wà. Èmi ò ní lọ máa bẹ ẹnikẹ́ni ní Àgége.

Àǹtí Bísí Sùúrùlérè:
Mo mọ̀ pé nǹkan kan wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Mo ti mọ̀ látàárọ̀.

Alhájà Òkè-Àrín:
Bísí, sinmi ẹnu. Ìyá Fẹyì, orúnkún màmá ò lè dúró de kóòtù. Ẹ kọ sí mi níkọ̀kọ̀, ká wo ohun tí àwa obìnrin inú ilé yìí lè dá jọ.

Lọ́yà Ìkẹjà:
Ẹ ò ní bẹ̀ wọ́n. Ẹ kàn gbọ́dọ̀ kọ orúkọ wọn ni. Tẹ́ ẹ bá yọ wọ́n kúrò, tí wọ́n sì gbọ́, wọ́n lè gbé caveat, ìwé tó ń dá ọ̀rọ̀ ogún dúró, wọlé ní registry, gbogbo ẹ̀ á sì dúró gbọnin-gbọnin síbẹ̀ títí ẹjọ́ á fi parí. Mo mọ ẹbí tí owó wọn ṣì wà ní báǹkì dòní torí ẹni kan ṣoṣo tí wọn ò kọ.

Ìyá Fẹyì:
Probate yẹn, ṣé Èkó náà ló wà? Ṣé dandan ni kí màmá bá mi lọ?

Lọ́yà Ìkẹjà:
Ó wà ní Ìkẹjà, ó sì wà ní Lagos Island. Ẹ lọ sí ti Ìkẹjà, ó sún mọ́ yín. Ẹ jẹ́ kí màmá sinmi nílé ní tìkọ́kọ́, ẹ lọ gba fọ́ọ̀mù, ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ búra ni wọ́n máa wá. Ìwé ẹ̀rí ikú ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀.

Súlè POS:
Ẹ sì ṣe kọ́pì sílíìpù NIN màmá dání o. Ẹ má fi ojúlówó sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ìyá Fẹyì:
Mo ti gbọ́. Ti Àgége yẹn, màá bi àbúrò bàbá mi. Òun ló ní nọ́ńbà fóònù wọn.