Ṣé RAM 1333 àti 1600 lè jọ wà nínú dẹ́sítọ́ọ̀pù kan?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ọ̀gá mi. Kọ̀ǹpútà Dell OptiPlex 790 ni mo fi ń tẹ project fáwọn akẹ́kọ̀ọ́, pírósẹ́sọ̀ Intel i5-2400 ló wà nínú ẹ̀, RAM ẹ̀ (ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó iṣẹ́ tó ń ṣe lọ́wọ́ sí) ò ju 4GB ẹyọ kan lọ, DDR3 1333 (irú RAM ni DDR3, eré ẹ̀ ni 1333). Tí mo bá ti ṣí Word pẹ̀lú Chrome pọ̀ báyìí ó ti ń wọ́ nìyẹn, kọ́sítọ́mà á sì dúró tì mí. Ẹnì kan fẹ́ ta 4GB tòkunbọ̀ fún mi àmọ́ 1600 ni. Ṣé mo lè kì í mọ́ tàtijọ́ àbí á ba bọ́ọ̀dù jẹ́?

Ìdáhùn 1: Kò ní ba nǹkan kan jẹ́, ẹ fọkàn balẹ̀. Èyí tó yá á rọra bá èyí tó lọ́ra rìn ni, àwọn méjèèjì á máa sáré 1333. Tiyín tiẹ̀ dáa, torí i5-2400 fúnra ẹ̀, 1333 ni Intel ní kó máa gbà, tẹ́ ẹ bá ra 1600 méjì pàápàá ibẹ̀ náà lẹ máa wà. Àìtó RAM ló ń dà yín láàmú, kì í ṣe eré. Tẹ́ ẹ bá ṣí CPU-Z (ètò tó ń fi ohun tó wà nínú kọ̀ǹpútà hàn) tó ní 665, ẹ má bẹ̀rù, ìlọ́po méjì ẹ̀ ló tó nǹkan bíi 1333 yẹn.

Ìdáhùn 2: Òótọ́ ni, àmọ́ ẹ ka sítíkà ẹ̀ kẹ́ ẹ tó sanwó o. PC3-12800U lẹ fẹ́ rí, orúkọ mìíràn fún DDR3 1600 ni PC3-12800. Tí R bá wà níparí, ti sáfà (server) nìyẹn, kò ní tan nínú OptiPlex yín láéláé, ó sì pọ̀ lọ́jà torí owó ẹ̀ ò wọ́n. Ẹ tún wò ó bóyá Windows yín kì í ṣe 32-bit, tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ kò ní lò ju 4GB lọ, owó á kàn ṣòfò ni.

Ìdáhùn 3: Ẹ yọ wáyà iná kẹ́ ẹ tó ṣí i, ẹ tẹ̀ ẹ́ wọlé títí ìdè ẹ̀gbẹ́ méjèèjì á fi ro kẹ́. Tí ò bá gbé àwòrán wá, ẹ fi rọ́bà ìparẹ́ nu eyín rẹ̀ tó ń dán bíi wúrà yẹn, kẹ́ ẹ dán wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà ẹ jẹ́ kí Memtest86+ (ètò tó ń yẹ RAM wò) ṣiṣẹ́ mọ́jú. Mo bẹ̀ yín, ẹ má fo èyí, torí RAM tó ti bàjẹ́ lè ba fáìlì àwọn ọmọ yẹn jẹ́ láìjẹ́ kẹ́ ẹ tètè mọ̀, àwọn èèyàn á wá máa ní eré tí ò dọ́gba ló fà á.

Oníbèérè: Ẹ ṣeun gan-an ni. 64-bit ni Windows mi. Mo ti ní kó ya sítíkà ẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, 12800U ló wà níbẹ̀. Màá gbé kọ̀ǹpútà lọ bá a ká jọ dán an wò kí n tó sanwó.