Àfọwọ́ṣe kọ́, àfọwọ́tẹ̀ ni

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ kú iṣẹ́ èdè o.

Àbá tí ará wa tó ń kọ́ni ní Ifẹ̀ mú wá kò kúrò lọ́kàn mi láti ọjọ́ tí mo ti kà á. Ó ní setpoint, iye tí a fẹ́ kí ẹ̀rọ máa di nǹkan mú sí, kó máa jẹ́ "àfojúsùn". Èyí tí òṣìṣẹ́ bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ tẹ̀ sínú ẹ̀rọ, kó jẹ́ "àfojúsùn àfọwọ́ṣe".

Mo fara mọ́ àfojúsùn. Àwọn kan ní ọ̀rọ̀ olóṣèlú ni, pé ohun tí ọwọ́ lè má tó ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Bí ẹ̀rọ ṣe ń ṣiṣẹ́ gan-an nìyẹn. Àfojúsùn wà lọ́tọ̀, ìwọ̀n tó wà nílẹ̀ wà lọ́tọ̀, àlàfo àárín wọn ni ẹ̀rọ ń wò kó tó mọ bí yóò ṣe ṣí fáàfù, ìlẹ̀kùn inú páìpù, tó. Àlàfo yìí náà ni ìwé Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní error. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí a túmọ̀ rẹ̀ sí àṣìṣe, kò sẹ́ni tó ṣi nǹkan kan ṣe.

"Gbèdéke" tí ẹlòmíràn dábàá ni n kò gbà. Ibi tí a kò gbọdọ̀ kọjá ni gbèdéke. Àwọn Òṣómàáló ìlú wa, oníṣòwò Ìjẹ̀ṣà tó ń tajà àwìn, mọ̀ ọ́n: ọjọ́ tí wọ́n bá dá fún onígbèsè, ó parí. Ẹ jẹ́ kí a fi pamọ́ fún òkè àti ìsàlẹ̀ iye tí ẹ̀rọ lè gbà. Bí gbèdéke bá jẹ́ 60 sí 80, tí ọwọ́ ẹnìkan sì ṣì í tó tẹ 720 dípò 72, ẹ̀rọ yóò kọ̀ ọ́.

Àfọwọ́ṣe ló ń dùn mí. Ní Iléṣà níbí, mo wà ní ilé-iṣẹ́ kékeré kan tí wọ́n ti ń se wàrà: ìwọ̀n 72 lórí Sẹ́lísíọ́ọ̀sì, fún ìṣẹ́jú àáyá 15, kí kòkòrò àrùn lè kú. Ẹ̀rọ mìíràn ló máa ń fi iye náà ránṣẹ́ sí èyí tó ń darí ooru wàrà. Lọ́jọ́ kan ọ̀gá pe ọmọkùnrin tó wà nídìí ẹ̀rọ lórí fóònù: "Fi sí mánúà, sẹ́ẹ̀tì ẹ̀ sí 72." Ohun tó ní lọ́kàn ni pé kó má gba iye lọ́dọ̀ ẹ̀rọ kejì mọ́, kó tẹ̀ ẹ́ fúnra rẹ̀. Ọmọ náà tẹ MAN, ìyẹn mánúà. Fáàfù sítíìmù, oruku omi gbígbóná tó ń se wàrà, dúró síbi tó wà, ìdá 40 nínú 100. Ó tẹ 72, nọ́ńbà náà hàn lójú ẹ̀rọ, ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Agbára bọ́ílà tó ń pèsè sítíìmù wá ń relẹ̀, wàrà ń tutù: 71, 70, 68. Fáàfù kò mira, nítorí wọ́n ti gbà á lọ́wọ́ ẹ̀rọ. Gbogbo wàrà ọjọ́ náà ni a tún sè.

Ọmọ náà kì í ṣe olódo. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, "mánúà", ni wọ́n fi pe iṣẹ́ méjì. Ìyá tó sọ fún ọmọ pé "jẹ́ kí omi ìwẹ̀ yẹn lọ́ wọ́ọ́rọ́" ti fún un ní iye. Ọmọ ni yóò máa ki igi bọná, tí yóò sì máa fà á jáde. Ìyá tó lé ọmọ kúrò nídìí ààrò tó di igi mú fúnra rẹ̀, iṣẹ́ mìíràn ló ń ṣe. "Àfọwọ́ṣe" kò sọ èwo nínú méjèèjì. Iṣẹ́ amọ̀kòkò ló tilẹ̀ ń rán mi létí.

Ọwọ́ wà nínú méjèèjì, nítorí náà kí ọ̀rọ̀-ìṣe sọ ohun tí ọwọ́ ṣe. Mo dábàá "àfojúsùn àfọwọ́tẹ̀" fún iye tí òṣìṣẹ́ tẹ̀ tí ẹ̀rọ sì ń lé, àti "ìfọwọ́darí" fún ìgbà tí òṣìṣẹ́ gba fáàfù lọ́wọ́ ẹ̀rọ. Èyí tó ń ti ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ mìíràn wá lè jẹ́ "àfojúsùn àfiránṣẹ́", bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó gùn díẹ̀ lẹ́nu mi. Ẹni tó bá ní èyí tó kúrú jù ú lọ, kó jọ̀ọ́ kó mú un wá.

Mo ti kọ ọ́ sórí bébà, mo sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ojú ẹ̀rọ níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́ báyìí. Lábẹ́ AUTO, ìgbà tí ẹ̀rọ ń darí fáàfù fúnra rẹ̀: "Tẹ iye, ẹ̀rọ yóò lé e." Lábẹ́ MAN: "Ìwọ lo ń darí fáàfù. Má kúrò níbẹ̀."