Tí ẹni tó ṣe ibi ò bá mọ̀ pé ibi ni, ṣé ibi ṣì ni? (Ẹ̀jẹ́ ìgbéyàwó àti oko kájú àǹtí mi)

Ọmọ Yàgbà

Okun o, gbogbo ilé. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ fara balẹ̀ kà á, ó gùn díẹ̀.

Disẹ́ńbà tó ń bọ̀ yìí ni ìgbéyàwó mi, Ìsánlú níbí náà la ti máa ṣe é, a sì ti ń lọ kíláàsì ní ṣọ́ọ̀ṣì. Lọ́jọ́ tí wọ́n ka ẹ̀jẹ́ sí wa létí, ti ọkùnrin ni pé á fẹ́ràn mi, á sì máa ṣìkẹ́ mi, tèmi ni pé màá fẹ́ràn ẹ̀, màá ṣìkẹ́ ẹ̀, màá sì máa gbọ́ràn sí i lẹ́nu. Mo wá béèrè pé kí ló dé tí gbígbọ́ràn fi wà lọ́dọ̀ ẹnì kan ṣoṣo, ẹni tó ń kọ́ wa ní ìwé tí mo kà ti pọ̀ jù. Ẹni tí mo fẹ́ fẹ́ ò sọ nǹkan kan níbẹ̀, ìgbà tá a jáde ló ní "ṣé o rò pé mo lè fìyà jẹ ẹ́ ni?" Mo ní rárá, òótọ́ sì ni, èèyàn dáadáa ni.

Àǹtí mi ni mo ń rò nígbà tí mo béèrè. Òun àti ọkọ ẹ̀ ló gbin kájú yẹn láti orí igi àkọ́kọ́, èmi náà ti bá wọn ṣà á rí nígbà tí mo wà ní sẹ́kọ́ńdìrì, ẹni tó bá ti fọwọ́ yọ kóró kúrò lára èso láti àárọ̀ dalẹ́ mọ bí oje ẹ̀ ṣe ń bó èèyàn lọ́wọ́. Àtẹ́lẹwọ́ àǹtí mi ti dúdú pátápátá nítorí ẹ̀. Ọlọ́run ò fi ọmọ sáàárín wọn. Ọkọ kú, wọ́n ṣe ogójì ọjọ́ tán, àwọn ẹbí ọkọ wá jókòó sí pálọ̀, wọ́n mu omi, wọ́n gbàdúrà, wọ́n wá ní ilẹ̀ ilé àwọn ni, ó ti padà sílé. Kò sẹ́ni tó pariwo. Bàbá tó dàgbà jù nínú wọn tiẹ̀ ń sunkún bó ṣe ń sọ ọ́. Wọ́n fi yàrá kan sílẹ̀ fún un, wọ́n tún gbé àpò gàrí kan wá.

Ìbéèrè mi nìyí: níbo ni ibi wà níbẹ̀? Mo wá ẹni burúkú láàárín wọn, mi ò rí, síbẹ̀ àǹtí mi ń ra kájú sísun lọ́wọ́ ọmọ tó ń kiri báyìí.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ìrònú

Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ẹ bá mi kí àǹtí.

Fìlọ́sọ́fì ni mò ń kà, ọ̀rọ̀ yìí sì ti fa ìjà láàárín àwọn onímọ̀. Hannah Arendt, obìnrin Júù tí wọ́n bí ní Jámánì, lọ wo ẹjọ́ Adolf Eichmann ní Jerúsálẹ́mù ní 1961. Eichmann yìí, òṣìṣẹ́ ìjọba Hitler, ló ń ṣètò bí wọ́n ṣe ń kó àwọn Júù sínú ọkọ̀ ojú irin lọ síbi tí wọ́n ti ń pa wọ́n. Ohun tí Arendt kọ ní 1963 ni pé òun ò rí ẹ̀mí èṣù kankan níbẹ̀, òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì lásán lòún rí, tí ò jókòó rò ó lọ́jọ́ kan pé báwo ló ṣe máa rí lójú ẹni tí nǹkan yìí ń bá. Àwọn òpìtàn kan jiyàn, wọ́n ní Eichmann mọ ohun tó ń ṣe dáadáa. Èmi gbà pẹ̀lú àwọn yẹn nípa Eichmann, àmọ́ mo rò pé ohun tí Arendt rí wà láyé lóòótọ́, èèyàn lè ṣe ibi láìní ọkàn burúkú, kó sáà ti má rò ó.

Ti ẹ̀jẹ́ yẹn wá ńkọ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n sọ pé ìwé ti wọ̀ yín lórí. John Stuart Mill, onímọ̀ fìlọ́sọ́fì ará Ìlú Ọba, fẹ́ fẹ́ Harriet Taylor ní 1851, kó tó fẹ́ ẹ ó jókòó kọ ìwé kan, ó ní òfin ìlú òun gbé agbára lé ọkọ lọ́wọ́ lórí ara ìyàwó, lórí dúkìá ẹ̀, lórí òmìnira ẹ̀, òun ò fara mọ́ ọn, òun sì ṣèlérí pé òun ò ní lo agbára náà láéláé. Ọkọ ìyàwó ló kọ ọ́ o. Nígbà tó di 1869 ó tún ṣàlàyé pé téèyàn bá ń ṣòfin ìgbéyàwó, kó má fi ọkọ dáadáa ṣe òdiwọ̀n, ọkọ burúkú ni kó fọkàn sí. Torí náà nígbà tí àfẹ́sọ́nà yín ní "ṣé mo lè fìyà jẹ ẹ́," ara ẹ̀ ló ń sọ. Ẹ̀yin ń béèrè nípa ohun tí wọ́n fẹ́ gbé lé e lọ́wọ́.

Bàbá Mọ́pà

Ọmọ mi, Ọlọ́run á tu àǹtí rẹ nínú. Ṣùgbọ́n èmi ò fara mọ́ ọ̀rọ̀ ẹni tó sọ̀rọ̀ kẹ́yìn yìí. Báwo lo ṣe máa mú ẹni tó pa èèyàn jọ bẹ́ẹ̀ wá sí ẹ̀gbẹ́ àwọn àgbà tó jókòó sí pálọ̀ gbàdúrà?

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ nípa àṣà wa. Ilẹ̀ ẹbí kì í ṣe ti ẹnì kan, ti ẹni tó kú ni, ti ẹni tó wà láàyè ni, ti ọmọ tí wọn ò tíì bí ni. Tí opó bá fẹ́ ọkọ míì, tí ilẹ̀ tẹ̀ lé e, lọ́jọ́ wo ni yóò padà? Ìyẹn làwọn bàbá wa rò. Ìlú Ọba tí ẹ tún ń mú àpẹẹrẹ wá látibẹ̀, ohun tí obìnrin wọn bá ní, ọkọ ló ni ín, àfi nígbà tí òfin 1870 àti ti 1882 yí i padà. Ìyá tó bí bàbá mi ń ta epo pupa, owó ẹ̀ wà lábẹ́ ibùsùn ẹ̀, bàbá àgbà ò jẹ́ fọwọ́ kàn án. Ta ló wá fẹ́ kọ́ wa ní ẹ̀tọ́ obìnrin?

Ọmọ Yàgbà

Ẹ ṣé gan-an sà. Mo gba ti owó epo yẹn, òótọ́ pọ́ńbélé ni. Àmọ́ sà, ká ní àǹtí mi ta epo ni, owó ẹ̀ á wà lọ́wọ́ ẹ̀ lónìí. Ó bá ọkọ ẹ̀ ṣoko ni ò jẹ́ kó ní nǹkan kan. Mi ò ní kí ilẹ̀ kúrò nílé wọn, igi ńkọ́? Ta ló gbin igi?

Lọ́yà Kàbbà

Mo fẹ́ fi òfin kún un ní kúkúrú. Lábẹ́ àṣà Yorùbá, ọmọbìnrin ń jogún bàbá ẹ̀ bí ọkùnrin ṣe ń jogún, ìyàwó ni kì í jogún ọkọ, ilé ẹjọ́ ti sọ bẹ́ẹ̀ láti 1957 nínú ẹjọ́ Suberu àti Sunmonu, wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ni ogún ń tẹ̀ lé. Ìdí nìyẹn tí opó tí ò bímọ fi ń jìyà jù. Ìwé òfin ìjọba 1999 ní abala 42 kọ̀ kí wọ́n fi obìnrin tàbí ọkùnrin jíjẹ́ yan ẹnì kan jẹ, ní 2014 ilé ẹjọ́ gíga jù lọ sì wọ́gi lé àṣà Ígbò kan tí kì í jẹ́ kí ọmọbìnrin jogún bàbá ẹ̀.

Ẹ tún gbọ́ eléyìí, torí pé àríwá ni wọ́n ka àwa Okun, Yorùbá ìpínlẹ̀ Kogí, mọ́. Penal Code, ìwé òfin ìwà ọ̀daràn, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní àríwá ní 1960, abala 55 nínú ẹ̀ sọ pé ọkọ tó bá na ìyàwó ẹ̀ láti fi bá a wí ò ṣẹ̀, tí àṣà wọn bá ti gbà á, tí kò sì ṣe é léṣe tó lágbára. Nígbà àkọ́kọ́ tí mo kà á ní yunifásítì, mo pa ìwé náà dé, mo jáde síta. Ọkọ mélòó ló mọ̀ pé ó wà níbẹ̀? Wọn ò mọ̀, wọn ò sì na ẹnikẹ́ni, àmọ́ ó wà níbẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ lò ó. Ọmọ Yàgbà, ẹ bá ẹni tẹ́ ẹ fẹ́ fẹ́ sọ̀rọ̀, ohunkóhun tẹ́ ẹ bá jọ rà, kí orúkọ ẹ̀yin méjèèjì wà lórí rìsíìtì, kó sì kọ ìwé ìhágún nígbà tí ara ẹ̀ le.

Ìyá Bùnú

Okun o, ẹ̀yin ọmọ mi. Kíjìpá ni ìyá mi ń hun, òun ló fi rán mi níwèé, èmi náà ti lo ọdún méjìdínlógójì nílé ọkọ kí ọkọ mi tó sùn. Gbígbọ́ràn ò bà mí lẹ́rù rí torí ọkọ mi náà ń gbọ́ràn sí mi lẹ́nu. Ẹ ní kí olùkọ́ yín ṣí Éfésù orí karùn-ún, kó bẹ̀rẹ̀ ní ẹsẹ 21 tó ní ká máa tẹríba fún ara wa, ẹsẹ 22 ni wọ́n máa ń sáré lọ bá.

Ohun tí mo torí ẹ̀ wá nìyí. Ọdún tí ọkọ mi ń ṣàìsàn, ó ní ká gbé òun lọ sóko, ó pe àbúrò ẹ̀ méjèèjì dání. Ó jókòó sórí àpáta, ó ní kí wọ́n máa bá òun ka igi kájú láti ìdí àpáta yẹn dé etí odò. Wọ́n ń ka ìkan, ó ń kà á tẹ̀ lé wọn, ohùn ẹ̀ ò ròkè mọ́. Ó pé ọgọ́ta. Ó ní "ti ìyàwó mi nìyẹn, ẹnu yín lẹ fi kà á." Àwọn àbúrò ẹ̀ yìí kì í ṣe áńgẹ́lì o, a ti jà lórí nǹkan míì. Wọn ò fọwọ́ kan ọgọ́ta igi yẹn títí dòní. Bàbá Mọ́pà, ẹ̀gbọ́n mi, ilẹ̀ ò kúrò nílé wọn, mo ṣì ń jẹ èrè iṣẹ́ mi.

Bàbá Mọ́pà

Ìyá, ẹ kú orí ire. Ìyẹn dáa. N kò gbọ́ irú ẹ̀ rí, ṣùgbọ́n ó bá àṣà mu, ẹni tó kú ló sọ̀rọ̀.

Ọmọ Yàgbà

Mo ka gbogbo ẹ̀ fún àfẹ́sọ́nà mi lórí fóònù, ti ọgọ́ta igi yẹn ló mú un dákẹ́, ó ní kí n tún un kà. Lọ́jọ́ Sunday òun fúnra ẹ̀ ló lọ bá olùkọ́ wa pé òun fẹ́ fi "gbọ́ràn" kún ẹ̀jẹ́ tòun, wọ́n ní àwọn á gbé e lọ síwájú àwọn alàgbà, a ń retí.

A tún lọ sọ́dọ̀ àǹtí. Mo bi í pé ṣé kó pe lọ́yà ni, ó ní òun ò fẹ́ bá ẹni tó bá òun sin ọkọ òun ṣẹjọ́. Ohun tó ní ká bá òun bẹ̀ wọ́n ni pé tó bá di Fẹ́búárì tí kájú bá bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́, kí wọ́n ránṣẹ́ pe òun kí wọ́n tó ṣà á. A máa lọ bá bàbá tó sunkún lọ́jọ́ yẹn lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ìyá Bùnú, ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé ẹ lè bá wa lọ?