Ẹ jọ̀ọ́, AA ni mí àbí AS? Èsì jínótáìpù méjì ò bára mu

Ẹ káàárọ̀ o ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Láti sẹ́kọ́ńdìrì ni mo ti mọ̀ pé AA ni mí, káàdì yẹn ṣì wà lọ́wọ́ mi, báírò búlúù ni wọ́n fi kọ AA gàdàgbà sí i. Ni ṣọ́ọ̀ṣì bá ní ká lọ ṣe jínótáìpù kí wọ́n tó so wá pọ̀, mo lọ, wọ́n ní AS ni mí, AS náà sì ni àfẹ́sọ́nà mi, bẹ́ẹ̀ AS méjì lè bí ọmọ SS, ìyẹn ọmọ tó ní àrùn fọ̀níkú-fọ̀ladìde. Oṣù tó ń bọ̀ ni mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́. Mi ò rí oorun sùn. Èwo ni kí n gbà gbọ́?

Ìyá Ìbejì: Pẹ̀lẹ́ ọmọ mi. Ṣé wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sí ẹ lára láàárín oṣù mẹ́rin sí àsìkò tóo ṣe ìkankan nínú méjèèjì? Ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíì máa ń da ayẹ̀wò yẹn rú.

Ẹni tó béèrè: Rárá mà, wọn ò fà á sí mi lára rí.

Ará Láàbù: Àbúrò, iṣẹ́ mi nìyí. Electrophoresis ni ọ̀pọ̀ láàbù ń ṣe, wọ́n á kán ẹ̀jẹ̀ sórí pépà funfun tẹ́ẹ́rẹ́ kan, iná á máa wọ́ ọ lọ, ibi tó bá dúró sí ni wọ́n máa kà. Ó dáa, àmọ́ tí wọn ò bá kán ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ti mọ̀ pé AS ni sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, tàbí wọ́n kọ orúkọ ẹlòmíì sára ìgò, wàhálà dé nìyẹn. Lọ ṣe HPLC, ẹ̀rọ yẹn máa ka iye A àti iye S fún ẹ, béèrè ní tíṣìn ọsipítù. Tí wọ́n bá ní "sickling" làwọn fẹ́ ṣe, má gbà, kò mọ ìyàtọ̀ AS sí SS, kì í sì í rí C rárá, ìyẹn irú míì tó yàtọ̀ sí A àti S, bẹ́ẹ̀ C wà lára àwa Yorùbá dáadáa, AC àti AS lè bí SC, àìsàn lòun náà.

Bàbá Tèmi: Èsì kan ṣoṣo lèmi àtìyàwó mi gbára lé, AA ni wọ́n kọ fún mi. Ọmọ wa ò tíì pé ọdún kan tí àtẹ́lẹwọ́ ẹ̀ àti ẹsẹ̀ ẹ̀ wú, ó ń ké tí a bá kàn fọwọ́ kàn án, a rò pé kòkòrò ló jẹ ẹ́. SS ni. Mo wá lọ ṣe tèmi níbi méjì, AS ni wọ́n rí níbi méjèèjì. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé ọ̀kan péré nínú ọmọ mẹ́rin ni o, tí bàbá àti ìyá bá jẹ́ AS, oyún kọ̀ọ̀kan ló ní ìdá kan nínú mẹ́rin tiẹ̀ láti jẹ́ SS.

Ẹni tó béèrè: Ẹ ṣeun gan-an. Mo ti pe àfẹ́sọ́nà mi, ẹ̀ẹ̀kan péré lòun náà ṣe tiẹ̀, àwa méjèèjì la jọ ń lọ ní Mọ́ńdè. Mo ti ní kí màmá mi má tíì tẹ káàdì ìpè.