Ọtí dúdú tó ń rùn bíi bàbá dúdú, tó sì gbé mi kọjá ibi tí mo fẹ́ sọ̀

Ẹ kú ilé o. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti tọ́ sítáòtù, ìyẹn bíà dúdú bíi òdékù, tí wọ́n tọ́jú sínú àgbá wísíkì wò rí, ẹ wá sọ tiyín, torí èmi fẹ́ sọ tèmi, ó ti pẹ́ tó ti wà nínú mi, ìyàwó mi sì ti ní òun ò fẹ́ gbọ́ ọ mọ́.

Kẹ́ ẹ tó fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ilé tí mo ti jáde. Òṣogbo ni wọ́n ti bí mi, ilé olódékù sì ni ilé wa. Dádì mi kì í mu nǹkan míì. Ìgò ńlá kan, alẹ́ Sátidé, wọn ò sì ní gbà kẹ́ ẹ gbé e sí fíríìjì. Tẹ́ ẹ bá gbé èyí tó tutù wá fún wọn, wọ́n á gbé e sórí tábìlì, wọ́n á máa wò ó títí òtútù á fi kúrò lára ẹ̀. Gíláàsì kékeré kan báyìí ni wọ́n fi ń mu ún, ìgò kan ṣoṣo yẹn á gbà tó wákàtí méjì lọ́wọ́ wọn, àwa ọmọ á wá máa rẹ́rìn-ín lábẹ́lẹ̀ pé dádì ń mu bíà bí ẹni ń mu àgbo. Èmi ní tèmi, tutù nini ni mo ń mu ún látìgbà tí mo wà ní Pólì, mo lè mu ìgò ńlá méjì pẹ̀lú àsun kí n sì dìde kí n máa lọ sílé bíi pé omi ni mo mu. Torí náà tí òyìnbó bá ń sọ̀rọ̀ sítáòtù níwájú mi, inú mi lásán ni mo ti ń rẹ́rìn-ín.

Chicago ni mo wà báyìí. Níbi iṣẹ́ wa, bàbá òyìnbó kan wà tó fẹ́ràn ọtí dúdú bí ẹni fẹ́ràn ọmọ (ẹ má bínú pé mi ò máa pè é ní "wọ́n", òun fúnra ẹ̀ ló ní kí n máa pe orúkọ òun gbà-ǹ-gbà). Lọ́dọọdún, lọ́jọ́ Fráìdè tó tẹ̀lé Thanksgiving, ọdún ìdúpẹ́ àwọn ará Amẹ́ríkà ní Nòfẹ́ńbà, ni ilé ọtí Goose Island níbí máa ń gbé Bourbon County, sítáòtù inú àgbá wísíkì tiwọn, jáde, bàbá yìí á sì ti lọ tò sórí ìlà láàárọ̀ kùtù, nínú òtútù tó ń gé etí èèyàn. Bíà o! Mo ní ṣé wọ́n ń pín in lọ́fẹ̀ẹ́ ni? Ó ní rárá, owó lòun ń san. Mo ní ó ti yé mi.

Lọ́dún tó kọjá ó ní kí n wá sílé òun lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ọwọ́ ìsàlẹ̀ ìlú ló ń gbé, kò jìnnà sí ibùdó Sox-35th, èmi ń gbé ní Uptown, torí náà mo wọ tíréènì Red Line. Mi ò jẹun kí n tó kúrò nílé. Ẹ rántí ibẹ̀ yẹn dáadáa.

Mo débẹ̀, àwa mẹ́rin, ó ti to ìgò mẹ́ta sórí tábìlì. Ìgò kan ti ọdún yẹn, ìkan tó ti tọ́jú sí ìsàlẹ̀ ilé fún ọdún méjì, ìkẹta wá láti ilé ọtí kékeré kan tí wọ́n da èso pecan sí, àwọn èso tí wọ́n fi ń ṣe páì yẹn. Kò sí ìkankan nínú ẹ̀ tó tutù. Mo kọ́kọ́ rò pé fíríìjì ẹ̀ bàjẹ́, mo wá ń wá ọ̀rọ̀ tí màá fi bá a kẹ́dùn. Ó wá gbé gíláàsì tó dà bí èyí tí ọmọdé fi ń mu oògùn ikọ́ jáde, ó bu díẹ̀ sí i, ó fún mi. Mo wo gíláàsì, mo wo òun náà. Lọ́kàn mi mo ní áà, ahun ni bàbá yìí o, ṣé kí èèyàn wọ tíréènì wá láti Uptown torí ìwọ̀nba yìí.

Ọtí yẹn dúdú, bí ẹ ṣe mọ epo ọkọ̀ tí mẹkáníìkì ṣẹ̀ṣẹ̀ tú jáde lábẹ́ mọ́tò, ó sì ki, tẹ́ ẹ bá yí gíláàsì ó máa ń lẹ̀ mọ́ ọn lára kó tó rọra ṣàn wálẹ̀. Fóòmù ẹ̀ ò pọ̀, pupa rẹ́súrẹ́sú, kò pẹ́ tó fi lọ. Mo gbé e sí imú. Ẹ gbọ́ mi, bàbá dúdú! Súìtì bàbá dúdú yẹn, tí wọ́n fi omi àgbọn àti ṣúgà sè, tá a máa ń rà níwájú ilé ìwé, òun ni mo gbọ́ òórùn ẹ̀. Mo tún un gbọ́, ó dá mi lójú. Mo wà ní Chicago, yìnyín ń bọ́ níta, imú mi wà lẹ́nu géètì ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Òṣogbo.

Mo wá tọ́ ọ. Adùn ló kọ́kọ́ wọlé, adùn ṣúgà tó jó díẹ̀ ní ìdí ìkòkò, lẹ́yìn ẹ̀ ṣokoléètì tó korò, lẹ́yìn ẹ̀ ni nǹkan kan wá tó jọ ẹ̀pà yíyan, kì í ṣe ẹ̀pà tútù o, ẹ̀pà tí wọ́n yan nínú iyanrìn tó ti fẹ́ máa pọ́n jù, tẹ́ ẹ bá fi ọwọ́ ra á tí èèpo ẹ̀ ń fò, òórùn yẹn. Ìgbà tí mo gbé e mì tán ni wísíkì wá sọ pé òun náà wà ńbẹ̀, ooru kan rọra bọ́ sí mi láyà bí ẹni gbé ògógóró mì, ṣùgbọ́n kò gé ọ̀fun. Èyí tí wọ́n fi pecan sí ní tiẹ̀, ẹ̀pà ẹ̀ pọ̀, ó tiẹ̀ ní òróró díẹ̀ lẹ́nu bíi kúlíkúlí, ó dùn jù fún mi. Èyí tó ti pé ọdún méjì ló dára jù, gbogbo ẹ̀ ti wọra, ooru wísíkì yẹn ti rọlẹ̀.

Mo bi í pé àgbọn wo ni wọ́n fi sí i. Ó ní kò sí àgbọn kankan, igi ni. Ó ní òfin Amẹ́ríkà ni pé bourbon, wísíkì tiwọn tí wọ́n ń fi àgbàdo pọn, gbọ́dọ̀ wà nínú àgbá igi óàkù tuntun tí wọ́n fi iná jó inú ẹ̀ dúdú, ẹ̀ẹ̀kan náà ni wọ́n lè lò ó fún bourbon, tí wọ́n bá ti lò ó tán wọ́n á máa wá ẹni tí wọ́n máa tà á fún. Igi óàkù yẹn ló ní nǹkan kan nínú tó ń rùn bí àgbọn, iná tí wọ́n fi jó o ló ń mú òórùn fanílà àti ṣúgà jíjó jáde, bourbon tó ti wọnú igi á sì tún jáde wọnú bíà fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ó ní láàrin àwọn ọdún 1990 ni Greg Hall, ọmọ ẹni tó dá Goose Island sílẹ̀, pàdé Booker Noe tó jẹ́ ọ̀gá níbi tí wọ́n ti ń pọn bourbon Jim Beam, ibẹ̀ ló ti rí àgbá gbà tó fi da sítáòtù sínú ẹ̀. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ó tún kùn díẹ̀ pé wọ́n ti ta ilé ọtí yẹn fún àwọn tó ni Budweiser ní 2011, òun sì ṣì ń tò sórí ìlà.

Gbogbo àlàyé yìí, èmi ń mu ún lọ ni. Àwọn tó kù ń tọ́ ọ bí ẹyẹ tó ń mu omi, wọ́n ń gbóòórùn, wọ́n ń kọ nǹkan sínú fóònù. Èmi ní ẹ gbé ìgò wá. Bàbá náà ní "rọra o", mo ní àwa tá a ti ń mu Guinness láti kékeré! Ọmọdé ò mọ oògùn ó ń pè é lẹ́fọ̀ọ́. Odindi ìgò kan àti ààbọ̀ ló wọ inú mi kí wákàtí kan àtààbọ̀ tó pé, adùn ẹ̀ kì í jẹ́ kéèyàn mọ̀. Òdékù tiwa ní Nàìjíríà, 7.5% ni agbára ọtí inú ẹ̀. Eléyìí lé ní 14%. Ẹ ṣírò ẹ̀ fúnra yín, èmi ò ṣírò ẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, wàràkàṣì òyìnbó àti bísíkíìtì méjì ló sì wà nínú mi.

Orí ìjókòó ni mi ò ti mọ nǹkan kan. Ìgbà tí mo fẹ́ dìde ni ẹsẹ̀ mi ní òun ò bá mi dé ibẹ̀. Wọ́n sìn mí dé ibùdó, mo wọlé, mo jókòó, mo ní kí n dijú fún ìṣẹ́jú kan péré kó tó dé Wilson, ibùdó tí mo ti máa ń sọ̀. Ẹni tó jí mi, òṣìṣẹ́ tíréènì ni, ó ní ọ̀gá, a ti dé Howard o, òpin ọ̀nà rèé. Fóònù mi, ìyàwó mi ti pè ní ẹ̀ẹ̀mọ́kànlá. Mo tún wọ tíréènì míì padà, ìdúró ni mo wà, mo di irin mú gírígírí bíi kọ́ńdọ́ kí n má baà tún sùn. Nígbà tí mo délé ìyàwó mi wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, ó ní "bíà lẹ̀ ń pe ìyẹn?" Títí dòní, tá a bá ń wọ tíréènì lọ síbì kan tá a sì fẹ́ dé Wilson, á fi ìgbọ̀nwọ́ gún mi.

* * *

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò ní pa èèyàn! Sùúrùlérè lèmi wà. Tèmi ò gbé mi dé ibì kankan, àwa la ba tiwa jẹ́. Ọ̀rẹ́ bùrọ̀dá mi gbé ìgò kan bọ̀ láti Amẹ́ríkà ní Dìsẹ́ńbà, ó ní ọtí olówó gọbọi ni, a wá gbé e sí fírísà láti àárọ̀ dé alẹ́ torí oòrùn. A ṣí i, kò rùn, kò dùn, ó kàn ki bí omi ẹ̀kọ. Àwa méje la pín in. Ẹnì kan tún da mọ́ọ̀tì sí tiẹ̀. Màmá wa ní kí àwọn tọ́ ọ wò, wọ́n tọ́ ọ, wọ́n ní àgbo jẹ̀díjẹ̀dí tí wọ́n bu ṣúgà sí ni, wọ́n ní kí la fẹ́ fi ṣúgà ṣe nínú àgbo jẹ̀díjẹ̀dí. Ohun tó kù nínú gíláàsì mi mo gbàgbé ẹ̀ sórí tábìlì, ìgbà tí mo padà gbé e lẹ́yìn wákàtí kan tó ti lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni mo wá gbọ́ ẹ̀pà tẹ́ ẹ̀ ń sọ yẹn, ó ti tán nílẹ̀!

Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́ ẹ má fi bú òdékù. Ìkẹjà níbí ni wọ́n kọ́ ilé iṣẹ́ Guinness sí, 1962, òun ni àkọ́kọ́ tí wọ́n kọ́ sẹ́yìn odi Ireland àti Bìrìtìkó. Ọkà bàbà sì wà nínú tiwa, látìgbà tí ìjọba ti fòfin de kíkó ọkà bálì wọlé lópin àwọn ọdún 1980, ìkorò ẹ̀ yàtọ̀. Òdékù la lè fi ti ìsì-ewu lẹ́sẹ̀. Tiyín yẹn, lílá ni wọ́n ń lá a.

* * *

Mo kí gbogbo yín láti Peckham. Èmi ò kì í ṣe ọlọ́tí, ọkọ mi ló rà á, èyí tí wọ́n fi èso hazelnut sí, ó lé ní pọ́n-ùn mẹ́wàá fún agolo kan, mo pariwo títí. Ó mu ẹnu méjì, ó ní kò lè mu ún tán, ó dùn jù. Mo ní owó mi ò ní ṣòfò. Ìgbà yẹn Kérésì ti sún mọ́lé, mo ti fẹ́ rẹ àjàrà gbígbẹ fún kéèkì, mo da ọtí náà lé e lórí dípò bùráńdì, mo dé e fún ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣe kéèkì dúdú bíi tilé, ẹ mọ ṣúgà tá a máa ń jó nínú ìkòkò láti fi pa á láró, òórùn yẹn gan-an ló wà nínú ọtí yẹn, àfi bíi pé ẹni tó pọn ọ́n ti wo ìdí ìkòkò mi. Kéèkì yẹn, wọ́n ṣì ń béèrè ẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, mi ò sì tíì sọ ohun tó wà níbẹ̀ fún pásítọ̀.

Ọkọ mi ní kí n fi kún un pé sítáòtù alágbára báyìí, àdúgbò wa ni ti àkọ́kọ́, pé ilé ọtí Thrale ní Southwark níbí ló ń kó o ránṣẹ́ sí ààfin ọbabìnrin Rọ́ṣíà, Catherine, lápá ìparí àwọn ọdún 1700. Ó fẹ́ràn kó máa sọ ìyẹn, mo ti bá a sọ ọ́.

* * *

Èmi tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà ni o. Ìyá oníkéèkì, ẹ ṣeun, ìyàwó mi ti ka tiyín, ó sì ti ní òun fẹ́ ìgò kan. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ṣe yí padà.

Àbúrò tó wà ní Sùúrùlérè, ẹ̀ṣẹ̀ fírísà nìkan lẹ ṣẹ̀. Òtútù máa ń di òórùn pa, ìdí nìyẹn tí bàbá òyìnbó yẹn ò fi jẹ́ kó tutù, tó sì fi ń bù ú díẹ̀díẹ̀. Ìgbà tó sọ ọ́ fún mi níbi iṣẹ́ lọ́jọ́ Mọ́ńdè, tábìlì dádì mi ló wá sí mi lọ́kàn, pẹ̀lú ìgò tí wọ́n ń wò títí tó fi lọ́ wọ́ọ́rọ́, àti gíláàsì kékeré yẹn. Mo pè wọ́n lálẹ́ ọjọ́ náà. Mo ní dádì, ta ló kọ́ yín láti máa mu òdékù báyẹn? Wọ́n ní ta ló ń kọ́ èèyàn ní bíà mímu, ṣé kò sí iṣẹ́ níbi tí mo wà ni.

Mo ti ra ìgò kan tọ́jú sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Dìsẹ́ńbà tó ń bọ̀, tí mo bá ń lọ sílé, aṣọ òfì ni màá fi wé e sáàárín àpótí. Ohun tí wọ́n bá sọ nígbà tí wọ́n bá gbóòórùn ẹ̀, màá wá kọ ọ́ síbí.